Ère, Ọgbà àti Ojú Ọ̀nà Tó Ń Fi Àṣà Àwọn Adití Han Ará Ìlú

Iṣẹ́ ọnà ìta gbangba tó ń fi àṣà àwọn adití hàn ni ère, àwòrán ara ògiri, ọgbà àti ojú ọ̀nà tí wọ́n ṣe lọ́nà tí ẹni tó bá ń kọjá yóò fi mọ̀ pé àwọn kan wà ládùúgbò náà tó jẹ́ pé ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Apá méjì ló ní. Apá kìíní ni ohun tí a ń wò: ère idẹ tí ọwọ́ rẹ̀ ń pe lẹ́tà, tàbí àwòrán tí oníṣẹ́ ọnà adití kùn sára ògiri. Apá kejì ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀: bí ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó, bí wọ́n ṣe to bẹ́ǹṣì, ibi tí igi àti iná wà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ apá kìíní. Apá kejì kì í tètè hàn sójú, bẹ́ẹ̀ òun ni àwọn adití ń lò lójoojúmọ́.

Àṣà àwọn adití kì í ṣe ọ̀rọ̀ etí tí kò gbọ́ràn lásán. Èdè wà níbẹ̀, ìtàn wà níbẹ̀, ìwà ọmọlúàbí tirẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Adití tó bá fẹ́ pe ẹnì kejì rẹ̀ á fọwọ́ kàn án léjìká, tàbí kó fẹsẹ̀ kilẹ̀ kí ilẹ̀ lè mì, tàbí kó tan iná kó sì tún pa á. Bí wọ́n bá fẹ́ yin ènìyàn, ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n ń nà sókè tí wọ́n ń mì. Ẹni tó bá ṣàdédé gbójú kúrò lára ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀ ti kọ etí dídi sí i nìyẹn. Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà; láàárín àwọn adití, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn, nítorí ojú ló ń gbọ́, irun òkè ojú tó gbé sókè tàbí tó sọ̀ kalẹ̀ náà ló sì ń fi hàn bóyá ìbéèrè ni ẹnì kan ń béèrè tàbí ó kàn ń sọ tirẹ̀.

Ọ̀nà tí àṣà yìí ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ tún yàtọ̀. Ní Amẹ́ríkà, ó lé ní mẹ́sàn-án nínú ọmọ adití mẹ́wàá tó jẹ́ pé òbí tó ń gbọ́ràn ló bí wọn. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ wọn kì í bá èdè ọwọ́ àti ìtàn ẹgbẹ́ wọn nílé. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ni wọ́n ti ń bá a pàdé, lẹ́nu àwọn ẹgbẹ́ wọn àti àwọn olùkọ́ tó jẹ́ adití. Ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ló wá di ìlú wọn. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn ère tó ti pẹ́ jù wà. Ní Paris, nínú àgbàlá ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ní òpópónà Saint-Jacques, ère Abbé de l'Épée ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1879. Àlùfáà yìí ló da ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ adití ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, tó sì fi èdè ọwọ́ kọ́ wọn. Félix Martin tó ṣe ère náà, adití ni òun náà.

Ibi tí a ti lè rí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ lójú kan ni Yunifásítì Gallaudet ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ tí Amos Kendall fi tọrẹ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ níbẹ̀ ní ọdún 1857. Ní ọdún 1864 ni Ààrẹ Abraham Lincoln fọwọ́ sí òfin tó fún un láṣẹ láti máa fún àwọn adití ní oyè yunifásítì. Orúkọ Thomas Hopkins Gallaudet ni wọ́n fi pe ilé ẹ̀kọ́ náà. Ní ọdún 1814, ní ìlú Hartford, ọkùnrin yìí bá ọmọbìnrin kan pàdé tó ń jẹ́ Alice Cogswell, ọmọ oníṣègùn tó ń gbé nítòsí wọn, tí àìsàn ti sọ di adití nígbà tó ṣì kéré jọjọ. Ọ̀rọ̀ ọmọ náà ló gbé Gallaudet dé Yúróòpù lọ wá ìmọ̀. Nígbà tó padà ní ọdún 1816, Laurent Clerc, olùkọ́ adití láti ilé ẹ̀kọ́ Paris, ló bá a wá. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1817 ni wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Hartford, Alice sì wà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́.

Ère Gallaudet àti Alice wà nínú ọgbà yunifásítì náà láti ọdún 1889. Daniel Chester French ló ṣe é, ẹni tó ṣe ère Lincoln ńlá tó jókòó sínú ilé ìrántí rẹ̀ ní ìlú Washington kan náà lẹ́yìn náà. Nínú ère àwọn adití yìí, Gallaudet jókòó sórí àga, Alice dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbójú sókè sí i. Ọwọ́ ọ̀tún àwọn méjèèjì ni kí olùwòran fara balẹ̀ wò: ìka mẹ́rin ká wọnú àtẹ́lẹwọ́, àtàǹpàkò nàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkúùkù. Lẹ́tà A nìyẹn nínú ááfábẹ́ẹ̀tì ọwọ́. Olùkọ́ ń pè é, ọmọ ń gbà á. Wọ́n ní nígbà tí Augustus Saint-Gaudens, ògbóǹtarìgì oníṣẹ́ ère, wo iṣẹ́ náà kí wọ́n tó parí rẹ̀, ó sọ fún French pé ẹsẹ̀ Gallaudet ti kúrú jù, French sì tún un ṣe. Gbogbo ìyẹn dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn ni ọkàn iṣẹ́ náà.

Àkókò tí wọ́n gbé e kalẹ̀ tún fún un ní ìtumọ̀. Ní ọdún 1880, àwọn olùkọ́ kóra jọ ní Milan ní orílẹ̀-èdè Ítálì, tó jẹ́ pé àwọn tó ń gbọ́ràn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìpàdé náà tán, wọ́n sì pinnu pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn adití, kí wọ́n pa èdè ọwọ́ tì. Ìpinnu yẹn tàn ká, ó sì pa ọ̀pọ̀ ọmọ lára fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Láàárín ìyẹn ni àwọn adití káàkiri Amẹ́ríkà dáwó jọ láti ṣe ìrántí ọgọ́rùn-ún ọdún tí wọ́n bí Gallaudet. Owó wọn ni wọ́n fi ṣe ère tí ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ ìtàn Milan yóò rí i pé ère náà kì í ṣe ọpẹ́ fún olóore nìkan; èsì ni.

Ère yìí ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ adití máa wo ọwọ́ ère Lincoln pẹ̀lú, tí wọ́n ń sọ pé ọ̀kan ń pe A, èkejì ń pe L. Kò sí ẹ̀rí pé French ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìtàn náà ti di ti ìran dé ìran láàárín wọn. Ní Hartford náà, ère ìrántí kan tí Frances Wadsworth ṣe ní ọdún 1953 wà létí ọ̀nà gbangba: ọwọ́ ńlá méjì ló gbé Alice sókè, àwọn ọwọ́ náà sì ń pe ìmọ́lẹ̀ ní èdè ọwọ́.

Ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sáàárín iṣẹ́ tí adití ṣe àti iṣẹ́ tó ń fi àṣà adití hàn. Douglas Tilden ni àpẹẹrẹ tó yé ènìyàn jù. Ọdún 1860 ni wọ́n bí i ní Kalifọ́níà; àìsàn gba etí rẹ̀ ní kékeré, ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Berkeley, ó sì kọ́ iṣẹ́ ère ní Paris lọ́dọ̀ Paul Choppin, tí òun náà jẹ́ adití. Ère àwọn òṣìṣẹ́ tó ń fi ẹ̀rọ lu irin, tí Tilden ṣe ní ọdún 1901, ṣì wà ní òpópónà Market ní San Francisco. Ilẹ̀ ríri ọdún 1906 tó wó ìlú náà palẹ̀ kò wó o. Ìyanu ni iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n kò sí ohun kan lára rẹ̀ tó ń tọ́ka sí èdè ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń gba ibẹ̀ kọjá tí wọn kò mọ̀ pé adití ló ṣe é. Ère tí kò sí àlàyé lẹ́bàá rẹ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ tí a ń sọ yìí, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Kí àlàyé wà níbẹ̀ ní ìwé kíkọ, kí àmì tí fóònù lè kà wà pẹ̀lú rẹ̀, tí yóò gbé fídíò adití jáde tó ń fi ọwọ́ sọ ìtàn ibẹ̀.

Bí a bá wá dé orí ilẹ̀ fúnra rẹ̀, Yunifásítì Gallaudet náà ni a ó tún dúró sí. Ní ọdún 1866, Frederick Law Olmsted àti Calvert Vaux, àwọn tó ṣètò Central Park ní New York, ló ya bí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà yóò ṣe rí. Èrò Olmsted ni pé níwọ̀n ìgbà tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò gbọ́ràn, ohun tí ojú ń rí àti ohun tí imú ń gbọ́ òórùn rẹ̀ ló yẹ kí ọgbà náà fi tọ́jú wọn. Èrò rere ni, àmọ́ èrò ẹni tó ń gbọ́ràn ni: ó ro ohun tí adití yóò máa gbádùn, kò ro bí àwọn adití yóò ṣe máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ó gba àkókò gígùn kí ẹnikẹ́ni tó fi ìbéèrè kejì yẹn ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́. Ní ọdún 2005, ayàwòrán ilé kan tó ń jẹ́ Hansel Bauman jókòó pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti òṣìṣẹ́ adití ní Gallaudet, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kó ohun tí wọ́n mọ̀ jọ. Ibẹ̀ ni ìlànà tí wọ́n ń pè ní DeafSpace ti jáde. Ilé ìmọ̀ èdè tí wọ́n ṣí nínú ọgbà náà ní ọdún 2008 wà lára àwọn ilé tí èrò yìí kọ́kọ́ hàn nínú wọn.

Ìlànà náà kò ṣòroó lóye fún ẹni tó bá ti wo adití méjì tó ń rìn lọ. Wọn kì í tẹ̀lé ara wọn lẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ń gbà, wọ́n á yí ara sí ara wọn díẹ̀, àyè á sì wà láàárín wọn kí ọwọ́ lè rí ibi yí sí. Ojú ẹni tó ń gbọ́ kò kúrò lára ọwọ́ àti ojú ẹni tó ń sọ̀rọ̀, nítorí náà kálukú ló ń bá ẹnì kejì rẹ̀ wo iwájú. Bí òpó iná bá ń bọ̀ lọ́nà, ẹni tó rí i á fọwọ́ fa ẹnì kejì sápá kan, ọ̀rọ̀ á sì máa lọ láìdúró. Bí ẹnì kẹta bá dara pọ̀ mọ́ wọn, ìlà náà á tẹ̀ kọrọdọ. Ọ̀nà tí kò ju ìgbésẹ̀ méjì lọ ní fífẹ̀ yóò tú irú àwùjọ bẹ́ẹ̀ ká, yóò sọ ẹnì kan sẹ́yìn, ẹni tó bá sì ti wà lẹ́yìn kò sí nínú ọ̀rọ̀ mọ́.

Láti inú ìrìn yìí ni ètò ilẹ̀ ti ń wá. Wọ́n á jẹ́ kí ọ̀nà fẹ̀ dáadáa, wọ́n á kó òpó, ìkòkò òdòdó àti àpótí ìdọ̀tí kúrò láàárín rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Níbi tí ilẹ̀ bá ti ga, ọ̀nà tó rọra ń gòkè dára ju àtẹ̀gùn lọ, torí àtẹ̀gùn ń fi dandan gbé ojú wálẹ̀ sí ẹsẹ̀. Etí ọ̀nà á ní òkúta wẹ́wẹ́ tàbí bíríkì tó yàtọ̀ sí àárín, kí bàtà lè mọ̀ pé òun ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà. Kọ̀rọ̀ ilé tí ènìyàn méjì ti lè kọlu ara wọn, wọ́n á gé ṣóńṣó rẹ̀ kúrò tàbí kí wọ́n fi gíláàsì ṣe é, nítorí pé ẹni tó ń gbọ́ràn lè gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n adití ní láti rí i.

Ìjókòó ló tún ń fi ẹni tó ṣètò ọgbà hàn. Bẹ́ǹṣì gbọọrọ tí ènìyàn márùn-ún jókòó lé, tí gbogbo wọn kọjú síbì kan, kò wúlò fún àwọn tó ń sọ èdè ọwọ́. Ẹni tó wà ní ìparí kan kò lè rí ọwọ́ ẹni tó wà ní ìparí kejì. Bẹ́ǹṣì tó tẹ̀ kọrọdọ bí ìdajì òṣùpá ló yẹ wọ́n, kí ojú kálukú lè tó ọ̀dọ̀ kálukú. Ibi tí oòrùn ti ń yọ àti ibi tó ń wọ̀ sí ṣe pàtàkì pẹ̀lú. Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á di òjìji dúdú, ìdajì ọ̀rọ̀ á sọnù. Ìbòòji igi dára, àmọ́ èyí tó ń jẹ́ kí oòrùn máa tàn kínkíní láàárín ewé, tó ń jó lórí ọwọ́ ènìyàn, ń dá ojú lágara. Ewéko tútù tó nípọn lẹ́yìn ìjókòó ń ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí pé àwọ̀ ewé àti àwọ̀ búlúù ń jẹ́ kí ọwọ́ hàn kedere, ì báà jẹ́ ọwọ́ aláwọ̀ dúdú tàbí ti funfun. Omi tó ń tú jáde sókè dùn ún wò, àmọ́ ariwo rẹ̀ ń da àwọn tó fi ẹ̀rọ sétí láàmú, nítorí náà wọn kì í gbé e sẹ́bàá ibi ìjókòó. Lálẹ́, iná kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tó ń ta sójú. Kí ó tàn sílẹ̀ wẹ́rẹ́, kí ó dé ara ọwọ́ àti ojú.

Àwòrán ara ògiri ní ìtàn tirẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1989, àwọn oníṣẹ́ ọnà adití mẹ́sàn-án pàdé ní Gallaudet, wọ́n sì kọ ìwé ìpinnu kan lórí ọnà tí wọ́n sọ ní De'VIA. Betty G. Miller, tí ọ̀pọ̀ ń pè ní ìyá ọnà yìí, wà lára wọn. Ohun tí wọ́n fi ń dá irú àwòrán bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni àwọ̀ tó tàn yòò tí ọ̀kan sì ń ta kò èkejì, àti ọwọ́, ojú, ẹnu tàbí etí tí wọ́n sọ di ńlá ju bó ti yẹ lọ. Kókó ibẹ̀ ni pé ohun tí ojú adití rí láyé ni àwòrán náà ń sọ. Ọwọ́ tí wọ́n dè nínú iṣẹ́ Miller ń sọ ohun tí ojú àwọn ọmọ adití rí nígbà tí wọ́n fi èdè wọn dù wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́. Christine Sun Kim, oníṣẹ́ ọnà adití ará Amẹ́ríkà, gba ọ̀nà mìíràn ní ìlú Manchester ní ọdún 2021: irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa ń kọ sísàlẹ̀ fíìmù fún ẹni tí kò gbọ́ràn ló kọ gàdàgbà sára àwọn ilé ìlú náà, tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń gbọ́ràn ni wọ́n ń kà á tí wọ́n ń ronú nípa ìró.

Bí iṣẹ́ ọnà bá ti wà nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ nìkan, àwọn tó ti mọ ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ló ń rí i. Yunifásítì Gallaudet fúnra rẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà tó yí i ká fún ìgbà pípẹ́, ìgboro Washington wà lódìkejì. Ní ọdún 2016, àwọn ayàwòrán ilé Hall McKnight gba ipò kìíní nínú ìdíje tí yunifásítì náà ṣe láti wá ètò tí yóò so ọgbà rẹ̀ pọ̀ mọ́ òpópónà kẹfà àti ìgboro. Ní òpópónà H tó wà nítòsí, ilé ìtajà kọfí Starbucks kan ṣí ní ọdún 2018, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń sọ èdè ọwọ́. Wọ́n fi ááfábẹ́ẹ̀tì ọwọ́ pe orúkọ ilé náà síta, àwòrán ńlá tí oníṣẹ́ ọnà adití kùn sì wà lára ògiri rẹ̀ nínú. Ẹni tó wá ra kọfí lásán á kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ dúpẹ́ kó tó kúrò níbẹ̀.

Ọgbà tún lè jẹ́wọ́ ohun tí kò dára. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò gba àwọn ọmọ adití aláwọ̀ dúdú sí ilé ẹ̀kọ́ Kendall tó wà nínú ọgbà Gallaudet. Ìpínlẹ̀ Maryland ni wọ́n ń kó wọn lọ. Ìyá kan, Louise B. Miller, gbé ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́, ó sì borí ní ọdún 1952. Dípò kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ náà jókòó pẹ̀lú àwọn tó kù, ilé mìíràn tí kò dára tó ti àwọn aláwọ̀ funfun ni wọ́n kọ́ fún wọn. Ní oṣù Keje ọdún 2023, Gallaudet tọrọ àforíjì ní gbangba, ó sì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú mẹ́rìnlélógún ìgbà náà ní ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ti fi dù wọ́n, pẹ̀lú ọlá fún olùkọ́ wọn mẹ́rin. Yunifásítì náà tún gbé ètò ọgbà ìrántí kalẹ̀ lórúkọ Louise B. Miller, pẹ̀lú ọ̀nà ìrìn àti ewéko. Irú ọgbà báyìí ló ṣòro jù láti ṣe, nítorí pé kò tó kó lẹ́wà. Ó gbọ́dọ̀ sọ òótọ́.

Okùn kan so gbogbo èyí mọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Andrew Foster, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ní ọdún 1954, ló wá sí Áfíríkà tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Accra ní ọdún 1957, ó sì ṣí òmíràn ní Ìbàdàn ní ọdún 1960. Ilé ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ ní Áfíríkà lé ní ọgbọ̀n kó tó kú nínú ìjàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú ní Rwanda ní ọdún 1987. Gbọ̀ngàn kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní Gallaudet lónìí. Èdè ọwọ́ tí Foster mú wá ló wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Nàìjíríà, ìyẹn ni pé lẹ́tà A tó wà lọ́wọ́ Alice nínú ère náà ni ọmọ adití ń pè ní Ìbàdàn. Ilé ẹ̀kọ́ tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín kò nílò idẹ. Ó lè kun ááfábẹ́ẹ̀tì ọwọ́ àti ìkíni mélòó kan sára ògiri rẹ̀, kí ó sì jẹ́ ara ògiri tó kọjú sí títì, níbi tí ọlọ́kadà, oníṣòwò àti ọmọ iléèwé mìíràn yóò ti máa rí i lójoojúmọ́.

Ìgbésẹ̀ tó yẹ kó ṣáájú ni pípe àwọn adití sí ọ̀rọ̀ náà kí kọngílá tó fa tépù rárá, pẹ̀lú ògbufọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n bá wọn rin ilẹ̀ náà lọ́sàn-án àti lálẹ́. Kí wọ́n fi okùn sàmì sí ibi tí ọ̀nà yóò gbà, kí àwọn adití sì máa sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ bí wọ́n ti ń rìn, kí a lè rí ibi tó há. Bí iṣẹ́ náà bá parí, ìtọ́jú ló kù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọgbà sì ti ń bàjẹ́. Igbó tó ga ju àyà lọ yóò bo ọwọ́ ẹni tó wà lódìkejì. Ẹni tó bá gbé bẹ́ǹṣì kúrò ní àyè rẹ̀ láti gbálẹ̀ gbọ́dọ̀ dá a padà sí bó ṣe kọjú tẹ́lẹ̀. Gílóòbù tó bá jó ní agogo méje alẹ́ ti lé àwọn adití kúrò nínú ọgbà náà títí ilẹ̀ fi mọ́, nítorí náà kí ẹni tó ń tọ́jú ibẹ̀ ní òmíràn nílẹ̀ kó sì pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.